Kí ni ẹlẹ́rìí rí?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejìlá, mo dìde níwájú ìjọ wa ní Kétu, mo jẹ́rìí. Mo ní ọkọ̀ tí ó yẹ kí n wọ̀ láti Pobè ní Ọjọ́rú tí ó kọjá ni ó lọ forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà. Ènìyàn méjì ni ó kú nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí àyè tèmi. Mo ní Ọlọ́run mú mi kúrò níbẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ mi kò tíì parí láyé. Ìjọ hó "Halelúyà" nígbà mẹ́ta. Ìlù dún, mo jó dé ibi àpótí ọrẹ, mo sì padà sí ìjókòó mi pẹ̀lú ìdùnnú.

Ìgbà tí a ń jáde ni mo tó gbọ́ pé ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà láàárín wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Àbúrò rẹ̀ ni ó mú un wá kí a lè gbàdúrà fún un. Ó jókòó lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé kò tíì kúrò lọ́kàn mi: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó yọ nínú ewu máa dúpẹ́ ní gbangba, nígbà tí ewu kan náà pa ẹlòmíràn?

Àwọn àgbà ìjọ ní ìdáhùn, èmi kò sì fẹ́ fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, rán mi létí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ní bí gbogbo ẹni tí ó rí àánú gbà bá pa ẹnu mọ́ nítorí ẹni tí kò rí i, ọpẹ́ yóò tán láyé, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kì í sunkún. Òótọ́ ni. Ẹ̀rí jíjẹ́ sì ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, láti ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì títí dé Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Obìnrin tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé ọkọ, tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, a dìde ní ọjọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ènìyàn a sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Èmi kọ́ ni n óò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an wò. Kí ẹ̀rí tó di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìgbẹ́jọ́ ni. Níwájú ọba tàbí baálẹ̀, a kì í bi ẹlẹ́rìí léèrè ohun tí ó rò. Ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí etí rẹ̀ sì gbọ́, ni a ń bi í. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí olè fi jalè, a óò ní kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Témoin tí àwọn Faransé ń wí kò yàtọ̀. Kí ni èmi rí nígbà náà? Mo rí i pé wọ́n pè mí láti ilé-ẹ̀kọ́ pé kí n padà wá parí èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Mo rí i pé mo fi àyè mi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo rí i pé mo wà láàyè. Pé Ọlọ́run yàn mí, tí kò yan ẹnìkejì mi: níbo ni mo ti rí ìyẹn? Mo fi kún un ni.

Nínú Ìwé Johanu, orí 9, ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú wẹ̀ ní adágún Siloamu, ojú rẹ̀ sì là. Àwọn Farisi yí i ká, wọ́n fẹ́ kí ó dá ẹni tí ó wò ó sàn lẹ́bi. Kò gbà fún wọn. Ojú rẹ̀ tí ó là ni ó dúró lé lórí. Ní Siloamu yìí kan náà ni ilé-ìṣọ́ kan ti wó pa ènìyàn 18, gẹ́gẹ́ bí Luku, orí 13, ti sọ, Jesu sì kọ̀ kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òkú náà ju ti àwọn alààyè lọ. (Mo ti ka orí méjèèjì ní àìmọye ìgbà kí n tó fura pé ibì kan náà ni.) Bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó kú kò bá ju tiwa lọ, mo rò pé iṣẹ́ tí ó kù fún wa láti ṣe láyé kò ju èyí tí ó kù fún òun náà lọ.

Èdè wa ní ohun kan tí a kò náání tó. Fún ẹni tí ó yọ, a ń wí pé, "Ẹ kú ewu." Fún ẹni tí ó pàdánù, "Ẹ kú ọ̀fọ̀." Ènìyàn lè sọ méjèèjì nínú agbo ilé kan ní òwúrọ̀ kan, ọ̀kan kò sì ní gún èkejì lára, nítorí pé kò sí èyí tí ó sọ ìdí. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi túmọ̀ wọn sí Faransé. Condoléances kò pẹ́ dé fún èkejì. Ti "Ẹ kú ewu", a jókòó tì í títí agogo fi dún.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé ẹ̀rí mi ni mo lọ sí ilé ìyá náà. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Olùkọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ló sọ?"

Kò sí ẹni tí ó tíì bi mí ní ìyẹn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni èmi àti ọmọ rẹ̀ fi jókòó ní gáràjì kí ọkọ̀ tó kún, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rí mi. Mo sọ fún un pé ọmọ náà ní ọ̀gá aránṣọ tí òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti dá ọjọ́ líbérásíọ̀n òun, pé Sátidé kejì nínú oṣù Kejì ni, ìyá òun kò sì tíì mọ̀. Mo ní ó ti ra aṣọ tí ìyá rẹ̀ yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà sínú àpò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì rán an. Mo ní nígbà tí ó ń san owó ọkọ̀ mi padà fún mi, ó fi 100 frank lé e. Mo kọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi mu ẹ̀kọ.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní wọ́n ti kó àpò náà wá fún òun, pé aṣọ aró kan wà nínú rẹ̀, òun kò sì mọ ẹni tí ó rà á fún. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.