Ọ̀gá Tó Ń Gbọ́ Tẹnu Ọmọṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di ọ̀gá níbi iṣẹ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ọmọṣẹ́ bá ń bẹ̀rù yín, ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn?

Ní ọdún 627, nígbà tí ogun ń bọ̀ wá ká Mọdínà mọ́, Salman, àjèjì ará Páṣíà tó ti ṣe ẹrú rí, ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kò torí ẹrú àná kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ bá wọn ru yẹ̀pẹ̀ títí eruku fi bo ikùn rẹ̀.

Ọ̀gá tòde òní ńkọ́? Ọmọṣẹ́ á gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń dún lódì, á dákẹ́, nítorí ẹni tó sọ̀rọ̀ lánàá, èébú ló gbà. (Àwọn kan tilẹ̀ ń pe èyí ní ìbáwí!) Bí ẹ́ńjìnnì bá wá dákú, owó oṣù gbogbo wọn ló bá a lọ.

Ẹ ti inú ẹgbẹ́ àdúgbò yín bẹ̀rẹ̀: kí ẹni tó kéré jù sọ tirẹ̀ kí alága tó lanu.