Afẹ́ Ìgbà Ìwọ́wé àti Ọ̀rọ̀ Àjọjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrìnjìnnà ni ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe àkọ́kọ́ yin ìrìn-àjò. Èkejì kìlọ̀ fún arìnrìn-àjò pé ojú tí ó gbé dání lè má ràn án lọ́wọ́. Láàárín òwe méjèèjì ni ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò wà. Bí ènìyàn bá fi owó gọbọi ra ààyè láti lọ gbádùn àṣà àwọn ẹlòmíràn, kí ni ó rà gan-an? Ǹjẹ́ ohun tí ó rà ṣeé rà? Ṣé afẹ́ tí ó náni tó bẹ́ẹ̀ bá ìwà ọmọlúàbí mu nínú ayé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ?

Ìparí ìgbà ìwọ́wé ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tiwa tí ọyẹ́ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ewé igi ń pọ́n, ó sì ń wọ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Japan. Àwọn tí ó ń yáàrùn létí òkun ti tú ká. Wọ́n ti kórè èso àjàrà, ọtí tuntun sì ti wà nínú àgbá. Àkókò yìí ni àwọn olówó tí oòrùn kò jẹ lógún mọ́ ń wá ohun tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: orin, oúnjẹ, ọgbà àtijọ́ àti ìtàn. Wọn kì í pe èyí ní jayéjayé. Àṣà ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí, nítorí pé ohun tí a bá pè ní àṣà kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan ṣoṣo.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Èmi kò sí lára àwọn tí ó gbà pé afẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ hun sányán, nígbà tí aṣọ tí kò níye lórí tó o lè bo ìhòòhò bákan náà? Kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó fín igbá títí tí igbá fi di ohun àwòyanu, nígbà tí igbá tí a kò fín náà ń gba omi? Apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí a fi ń yangàn lónìí gẹ́gẹ́ bí ọnà Yorùbá ni ó jẹ́ pé ààfin ọba àti agbo ilé ìjòyè ni ó bọ́ ọwọ́ tí ó ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe pé ohun kan wọ́n ni ó sọ ọ́ di ibi. Ó yẹ kí a wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya Alba, ìlú kan ní agbègbè Piemonte ní àríwá Ítálì. Láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kejìlá ni wọ́n ń ná ọjà olú níbẹ̀. Olú yìí kì í yọ sójú ilẹ̀ bí olú tiwa. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé, nídìí igi óákù àti àwọn igi mìíràn. Tartufo ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Èyí tí ó funfun nínú rẹ̀ ni ó wọ́n jù, nítorí pé ó ṣòro púpọ̀ láti gbìn, òórùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń ṣá. Ajá ni ó ń fi imú wá a. Òru ni ọdẹ olú sábà máa ń jáde kí aládùúgbò má baà mọ ibi tí ó ti rí tirẹ̀, bàbá ni ó sì ń fi ọ̀nà inú igbó han ọmọ. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO ka ìmọ̀ àwọn ọdẹ yìí mọ́ ogún àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò.

Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń lu àwọn tí ó tóbi jù ní gbàǹjo nínú ilé olódi Grinzane Cavour, tí wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣe àánú. Irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 2007, Stanley Ho, ọlọ́rọ̀ onílé tẹ́tẹ́ ní Macau, san 330,000 dọ́là lórí ẹyọ olú kan tí ó tẹ̀wọ̀n kílò kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2004 ni mo rò pé ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Àwọn oníbàárà ilé oúnjẹ ńlá kan dáwó jọ, wọ́n ra olú kan tí ó tẹ̀wọ̀n 850 gíráàmù ní 28,000 pọ́n-ùn. Wọ́n fi í hàn káàkiri, wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá alásè, ọ̀gá alásè sì ti lọ fún ìsinmi. Nígbà tí ó fi máa dé, olú ti jẹrà. Wọ́n gbé e padà sí Ítálì lọ sin bí ẹni sin òkú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rẹ́rìn-ín, kò sì burú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, kí a béèrè pé ta ni ó jẹ olú yẹn. Kò sí. Kò dé ẹnu olówó, kò dé ẹnu tálákà. Ọdẹ kan ní abúlé kan tí ó bá wá irú rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, tí ó fá a sórí ẹyin díndín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó sì bu fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ni ó jẹ olú. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ iye owó rẹ̀. Owó yìí kan náà ni ó mú kí àwọn ẹlẹ́mìí èṣù kan máa ju ẹran onímájèlé sínú igbó, kí ajá ọdẹ mìíràn lè kú. Nígbà tí iye ohun kan bá ti ga ju adùn rẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀, adùn náà ni ó kọ́kọ́ ń kú. Ajá ń tẹ̀ lé e.

Láti Alba, ọ̀nà kò jìn sí Milan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ámbrósì Mímọ́ alábòójútó ìlú náà, ni ilé eré Teatro alla Scala, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1778, máa ń bẹ̀rẹ̀ sáà eré ópẹ́rà rẹ̀. Ópẹ́rà ni eré tí àwọn òṣèré ń fi orin sọ ìtàn rẹ̀. Ìjókòó tí ó wọ́n jù ní alẹ́ ọjọ́ náà ju 2,000 yúrò lọ. Ní alẹ́ 7 oṣù kejìlá, ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Mario Capanna jẹ́ aṣáájú wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń sọ ẹyin lu àwọn àlejò tí wọ́n wọ aṣọ onírun ẹran olówó iyebíye. Èmi kò rò pé ẹyin ni ó yẹ kí a fi bá àlejò sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú ẹyin náà kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn: báwo ni ọkàn yín ṣe balẹ̀ láti gbádùn orin yìí nígbà tí a dúró síta?

Bí a bá wo ìtàn ilé náà dáadáa, a ó rí i pé ìdáhùn kò rọrùn. Owó àwọn ìdílé ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ra yàrá ìjókòó tiwọn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí wọn kò bá fẹ́ afẹ́, ilé kò ní sí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òkè pátápátá sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Àwọn ará òkè yìí, tí wọ́n ń pè ní loggionisti, ni ẹ̀rù wọn ń ba òṣèré jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, wọ́n hó lé Roberto Alagna lórí nínú eré Aida, inú bí i, ó sì kúrò lórí ìtàgé láàárín eré. Ẹlòmíràn ni ó sáré bọ́ sí ipò rẹ̀ láì tilẹ̀ ráyè pààrọ̀ aṣọ tí ó wọ̀ wá sí ilé eré. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń fi alẹ́ kan ṣáájú ìṣíde fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n sì ń gbé eré ìṣíde náà sójú àwòrán káàkiri ìlú, títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n San Vittore. Ẹni tí ó san 2,000 yúrò ra ìjókòó. Kò ra etí tí a fi ń gbọ́ orin. Etí náà wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó, bí wọn kò bá sì sí níbẹ̀, alẹ́ náà kò ní jẹ́ nǹkan kan ju ìpàdé àwọn aláṣọ ńlá lọ.

Kyoto ní Japan ni ẹ̀kẹta. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ewé àwọn igi inú ọgbà tẹ́ńpìlì a pọ́n bí iná. Ìtàn kan tí wọ́n ń pa nípa tẹ́ńpìlì Tofuku-ji wù mí. Wọ́n ní nígbà àtijọ́, olórí ogun tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà bi ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan tí ń jẹ́ Mincho, tí ó tún jẹ́ ayàwòrán, pé kí ni ó fẹ́ gbà lẹ́bùn. Mincho ní kí wọ́n gé gbogbo igi ṣẹ́rì inú ọgbà náà, kí òdòdó wọn má baà sọ ibi ìsìn di ibi afẹ́. Wọ́n gé wọn. Lónìí, igi eléwé pupa ni ó kún ibẹ̀, èrò tí ó sì ń wọ́ lọ wò ó nígbà ìwọ́wé kò lóǹkà. A lè gé igi, a kò lè gé ojú tí ń wá ẹwà. Ṣùgbọ́n ní Gion, àdúgbò kan nínú ìlú yìí kan náà, ó di dandan ní ọdún 2024 kí àwọn onílé ti ojú ọ̀nà kéékèèké tí ó jẹ́ tiwọn mọ́ àlejò, nítorí pé àwọn kan ń lé àwọn obìnrin oníjó àti olórin ibẹ̀ kiri láti ya wọ́n ní fọ́tò bí ẹni ń lépa ẹran ìgbẹ́. Wọ́n san owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n san owó òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá rò pé ènìyàn wà nínú ohun tí wọ́n sanwó fún.

Kí a má ṣe dà bí ẹni tí ń wo ilé onílé nìkan. Àwa náà ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré rẹ̀ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944, ó ṣí ọ̀nà fún eré tí ènìyàn ń sanwó wò, ọ̀nà náà sì ni ó bọ́ àìmọye òṣèré lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1964, Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún eré ní ìlú Berlin. Àwa ni àwọn olówó Yúróòpù wá wò lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n jí Ṣàngó gbé. Àwa ni a sì ni mo-gbọ́-mo-yà, àlejò tí a kò pè tí a sì ń fún ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a ń gbé àwo ìrẹsì gba iwájú ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí kọjá. Ìlẹ̀kùn wa kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n aṣọ di tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan yóò ní afẹ́ olówó ni ó ń bọ́ alásè, aránṣọ, awakọ̀ àti onílù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé owó ń yí kiri kò sọ fún wa bóyá ohun tí a fi owó náà ṣe dára. Owó onímájèlé náà ń yí kiri. Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn wà nínú òwe tí gbogbo wa mọ̀: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹ kíyè sí i pé òwe yìí kò sọ pé kí a má jẹ. Kò sì sọ pé ìpín gbogbo wa gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò tilẹ̀ sọ pé ó burú. Ó ní kò dùn. Ọ̀rọ̀ adùn ni ó ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé nínú ohun tí ó jẹ́ ti àjọ, ìpín ẹnì kejì wà lára adùn tèmi. Bí mo bá fi owó lé e kúrò nídìí rẹ̀, ara oúnjẹ tèmi ni mo bù sọnù. Olówó tí ó lọ sí Milan tàbí Kyoto kò lọ nítorí bíríkì àti ewé. Ewé wà nílé rẹ̀. Ayẹyẹ ni ó wá lọ, ènìyàn ni ó sì ń jẹ́ ayẹyẹ. Bí owó rẹ̀ bá lé àwọn onílé lọ, ohun tí ó wá rà ti tán kí ó tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ọmọlúàbí bi ara rẹ̀ kí ó tó náwó irú rẹ̀. Ǹjẹ́ ààyè ṣì wà fún àwọn tí ó ni àṣà náà nínú rẹ̀, àbí wọ́n ti di ìránṣẹ́ lórí ohun ìní wọn? Ǹjẹ́ mo ṣe tán láti jẹ́ àlejò, kí n gbà pé ẹni tí kò lówó níbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Kí ni mo sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn? Àwọn ọdẹ olú ní ìlànà kan: ẹni tí ó bá gbẹ́ olú gbọ́dọ̀ da ilẹ̀ padà sínú ihò, kí olú lè tún so níbẹ̀ lọ́dún mìíràn.

Ìbéèrè kẹta yìí ni ó kan àwa gan-an. Àwọn ọlọ́rọ̀ wa ń lọ sí Yúróòpù nígbà ìwọ́wé, wọ́n sì ń jókòó nínú àwọn ilé eré tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà fi owó ara wọn kọ́. N kò ní kí wọ́n má lọ. Àrìnjìnnà ni ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, tí ọdún ìbílẹ̀ ìlú tirẹ̀ sì ń kú lọ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi awọ tuntun bo ìlù, ojú rẹ̀ ti rí aṣọ àti iná mànàmáná. Kò tíì rí ilé eré náà.