Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Ta Ló Ni Ìdọ̀tí Iwájú Ilé Wa?

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni a ti máa ń kọ sínú ìwé ìrántí ọdọọdún yìí: ìtàn ìlú wa, àṣà wa, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan tí ojú máa ń tini láti sọ ní gbangba ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni.

Ohun tó fà á nìyí. Gbogbo wa ló rántí bí àjọ̀dún wa tó kọjá ṣe dùn tó. Aṣọ ẹgbẹ́ ń dán, ìlù ń dún, oúnjẹ pọ̀ débi pé àlejò gbé lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ nínú wa padà lọ sí gbọ̀ngàn náà láti kó àga tí a háyà. Ohun tí a bá níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ike oúnjẹ, náílọ́ọ̀nù omi, ìgò àti agolo ohun mímu kún ilẹ̀ bámúbámú. Atẹ́gùn sì ti gbé púpọ̀ nínú wọn sínú gọ́tà. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Háúsá tí ilé rẹ̀ kọjú sí gbọ̀ngàn náà, ti mú ọwọ̀. Òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ń gbá ohun tí a dà síwájú ilé wọn. A kí i, ó sì dá wa lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Kò bú wa, kò tilẹ̀ dárúkọ ìdọ̀tí náà rárá. Ó kàn béèrè pé ṣé ọdún wa dùn. Ẹ̀yin èèyàn wa, ká ní ó bú wa ni, ìbá sàn fún wa.

A gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbá ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ìbéèrè kan ló jáde: ìdọ̀tí tí a ti jù sílẹ̀, ta ló ni ín? Èsì mẹ́ta ni a gbọ́. Àwọn kan ní ìjọba ló ni ín. Àwọn kan ní àwọn tó ń ṣa bólà ló ni ín, pé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹnì kan sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ká gbọ́, pé ìlú yìí kì í ṣe ìlú wa, kí onílùú gbá ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn èsì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ìjọba ní òótọ́ nínú. Iṣẹ́ ìjọba ni láti pèsè ọkọ̀ tí yóò kó ilẹ̀ àti ibi tí wọn yóò dà á sí, ó sì yẹ ká máa béèrè fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà nínú wa rántí ètò WAI tí ìjọba Ọ̀gágun Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Inú ètò náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tí gbogbo ìlú ń jáde gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lóṣù. Nígbà náà, ẹ̀rù sójà ń ba kálukú, ilẹ̀ sì ń mọ́. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ọ̀pọ̀ ọwọ̀ padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí a bá ń ṣe nítorí ẹni tó ń wò wá, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá yíjú ni yóò dópin. Bí a bá tilẹ̀ gbálẹ̀ ní Sátidé ìparí oṣù, ta ni yóò gbá a ní ọjọ́ tó kù?

Èsì kejì ni ti àwọn baban bola, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò tí wọ́n ń ra kọ̀ǹdẹ́mù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn. Agolo tí a mu ohun inú rẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ ni wọ́n ń kó o lọ, ibẹ̀ ni ó ti ń di ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì àsè wa. Wọ́n ń fọ ike, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ́ ọ, ó ń di bùtá, ó ń di bàtà, ó ń di garawa. Láìsí àwọn èèyàn wọ̀nyí, ìdọ̀tí ìbá ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń fi í fún wọn? A ó da ọbẹ̀ tó ti kan lé ike lórí, a ó ju ìgò fífọ́ sí i, a ó fi nápíkìn ọmọ bò ó. Ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ tiwa lọ yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìní ìbọ̀wọ́. Bí a bá ní oúnjẹ wọn ni, ṣé inú ẹ̀gbin ni a ti ń gbé oúnjẹ fún ọmọ ẹlòmíràn?

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá sẹ́ ògì kì í da èérí nù, ẹran ọ̀sìn ni yóò jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ ló ni èèpo iṣu. Èèpo èkùrọ́ ń koná fún alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ń sun èèpo kòkó di eérú, eérú náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, bó bá bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ni yóò dà.

Àwọn tó gbà wá lálejò náà ní irú ọgbọ́n yìí. Láti ayébáyé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ Kánò fi ń ru ilẹ̀ gbígbá, eérú àti ìgbẹ́ ẹran láti inú ìlú lọ sóko. Taki ni wọ́n ń pè é. Taki yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí oko àyíká Kánò lè máa so lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ilẹ̀ sinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ìgbín ìlú ń bọ́ oko, oko ń bọ́ ìlú. Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bí ewé. Ilẹ̀ gbígbá tó bá ti dàpọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, ìgò àti bátìrì, kò ṣe é kó sóko bíi ti àtijọ́. Ohun mẹ́ta tí ìbá wúlò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí a pò wọ́n pọ̀, gbogbo wọn bàjẹ́. Ẹni tó sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìnira ni ẹni tó kọ́kọ́ mú wọn lọ́wọ́, nínú ilé, kí ó tó jù wọ́n.

Èsì kẹta ló le jù, nítorí ó ní ìrora nínú. A kò ní bá ẹni tó sọ ọ́ jà. Ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn bàbá wa sì bá a dé. Àwọn kan nínú wa ti ní ọmọ-ọmọ tí a bí sí Sabon Gari, tí Sábó yìí nìkan ni ilé tí wọ́n mọ̀. Síbẹ̀ a kò gbàgbé Oṣù Keje 1999, nígbà tí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ràn dé Kánò, tí ẹ̀mí ṣòfò tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì sá. Ẹni tó ti fi ọmọ pọ̀n sá lóru rí, bó bá ní òun kò ní gbin igi síbi tí òun lè fi sílẹ̀ lọ́la, a mọ ohun tó ń sọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́lé, tí gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa níbí sì dí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé jíjẹ́ onílùú ló ń mú ilẹ̀ mọ́? Ìlú wa ni Ìbàdàn. Odò Ògùnpa kún ní Oṣù Kẹjọ 1980, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún pa ohun tó lé ní 100 èèyàn ní Ìbàdàn kan náà. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sójú àgbàrá dá kún un, ọmọ onílùú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó dà á síbẹ̀. Ní Kókó, lẹ́bàá odò ní ìpínlẹ̀ Delta òní, ìròyìn jáde ní 1988 pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹ̀gbin olóró wá láti Ítálì. Ọmọ ibẹ̀ ló yá wọn ní àgbàlá tirẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni ó sì gbà. Onílẹ̀ ni, síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò bọ́.

Ìdọ̀tí kì í béèrè ìlú ẹni kó tó pani. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ohun tó lé ní 3,000 èèyàn ní Nàìjíríà, Kánò sì wà lára ibi tó dé. Odò Jakara tó gba inú ìlú yìí kọjá, inú rẹ̀ ni omi ẹ̀gbin ilé wa àti ti ilé iṣẹ́ ń ṣàn sí. Omi kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ wọn, ẹ̀fọ́ náà ń dé ọjà, ọjà ni ìyàwó ilé wa ti ń rà á. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a rí dì mú nínú gbogbo àríyànjiyàn náà nìyí: ẹni tó lo nǹkan ló ni ìdọ̀tí rẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí yóò ti wúlò, tàbí ibi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí a bá jù ú sílẹ̀, ó ṣì jẹ́ tiwa. Bí atẹ́gùn bá gbé e lọ síwájú ilé bàbá kan, ó ṣì jẹ́ tiwa. Àwọn kan ń sọ pé ìdọ̀tí ti di owó, a sì gbà, ṣùgbọ́n kí èyí má sọ wá di afiǹkan-ṣòfò. Èyí tí a kò dá sílẹ̀ rárá ló sàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí agbára wa ká. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ike ìdalẹ̀ méjì: ọ̀kan fún èèpo àti ajẹkù, ọ̀kan fún ike, agolo àti náílọ́ọ̀nù tí a ti ṣàn. Èyí àkọ́kọ́, kí á fún àwọn tó ń sin àgbò àti àwọn àgbẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa máa kó o jọ ládùúgbò, kí wọ́n sì tà á fún àwọn baban bola ní ìtùnbí-ìnùbí; owó rẹ̀ lè ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọ náà àti ìwé fún ọmọ tiwa. Kí á má ṣe dáná sun náílọ́ọ̀nù mọ́, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí a bá fẹ́ ko gọ́tà, kí á pe àwọn ará àdúgbò tí kì í ṣe Yorùbá, kí á jọ ko ó, nítorí omi kan náà ló ń gba ẹnu ọ̀nà gbogbo wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní àjọ̀dún tó ń bọ̀, kí a gbé abọ́ jáde bíi ti àwọn ìyá wa, kí a fọ̀ ọ́, kí a dá a padà. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbálẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́. Kí bàbá yẹn jí lọ́jọ́ kejì, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó rí i pé àwọn àlejò òun mọ ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Nígbà tó bá tún bi wá pé ṣé ọdún wa dùn, a ó lè wò ó lójú, a ó sì dá a lóhùn.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ tù wá lára, nílé àti lẹ́yìn odi. Àmín. Ẹ̀ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún láyé.