"Gbogbo Ẹ̀ Ló Wà Níbẹ̀": Iye Owó Tí Kò Sọ Tán, Ṣé Irọ́ Ni?



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò fẹ́ dáhùn ní gbólóhùn kan. Ó ń wá ilé ní Bọ́ládé níbí. Ó rí pátákó ejẹ́ǹtì kan: yàrá kan àti pálọ̀, 600,000 náírà lọ́dún. Ó san owó fọ́ọ̀mù, ó san owó kí wọ́n tó mú un lọ wo ilé. Ilé náà dára. Ó lọ sọ fún lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ pé òun ń kó lọ. Ìgbà tó padà dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ni wọ́n ka ìyókù fún un: kọmíṣọ̀n 60,000, àgírímẹ́ǹtì 60,000, owó ìdúró tí wọ́n máa mú bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé 100,000, owó ìtọ́jú ọgbà 50,000. Ẹ rò ó pọ̀, 870,000 ni. Ó ní, "Bàbá, ejẹ́ǹtì yẹn ò parọ́ fún mi o. Owó ilé, 600,000 náà ni lóòótọ́. Kí ló dé tó fi ń ṣe mí bíi pé wọ́n jà mí lólè?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn owó yẹn tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ irọ́. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 gba onílé láàyè kó gba owó ìdúró àti owó ìtọ́jú, kó ṣáà ti fún ayálégbé ní rìsíìtì tiwọn lọ́tọ̀. LASRERA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ní Èkó, ti kìlọ̀ pé owó ejẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 60,000 náà ò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá mú owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òótọ́ ni. Ibi tí ẹ bá ti kó wọn jọ ni nǹkan ti wọ́.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ni. Àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá wà tí àwọn èèyàn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù máa ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láti gbafẹ́. Ìpolówó wọn a ní yàrá, oúnjẹ, eré, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àmọ́ owó èbúté ń bẹ, owó orí ń bẹ, owó ọtí ń bẹ, íntánẹ́ẹ̀tì ń bẹ, owó àtisọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìlú tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí náà ń bẹ. Wọ́n á tún wá fi owó ìmoore fún àwọn òṣìṣẹ́ lé e. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù, ó ju dọ́là 15 lọ lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìmoore tí wọ́n ti kọ sí èèyàn lọ́rùn kó tó mọ ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé iye tí wọ́n bá polówó gbọ́dọ̀ ní gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ bá sọ di dandan nínú. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó èbúté àti owó orí mọ́ iye tí wọ́n ń kọ síta. Wọn ò ka owó ìmoore mọ́ ọn ní tiwọn, wọ́n ní kì í ṣe dandan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fòfin de irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nílé wa níbí, òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ ọ́ ní abala 115 pé wọn ò gbọdọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Òfin ń bẹ. Bí a ṣe ń lò ó, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ni ọmọ yẹn béèrè. Ó béèrè bóyá irọ́ ni.

Àwọn kan á sọ pé ọjà ni, pé ẹni tó ń tajà ò gbọdọ̀ sọ iye tó máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà ń ná ọjà. Bí mo bá wọ ọjà Ìṣọ̀pákọ́dọwọ́ ní Bọ́ládé níbí, tí ìyá alátẹ bá pe aṣọ ní 10,000, mo mọ̀ pé kì í ṣe 10,000, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó tan ẹnì kankan jẹ. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí owó ń gbà rìn. Nínú ìnájà, òkè ló ti ń bọ̀ wálẹ̀, mo sì lè gbé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀ nígbàkígbà. Á tún pè mí padà, "Ẹ wá, ẹ mú owó wá." Nínú "gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀", ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ tó ń gùn lọ sókè, àsìkò tó sì ń gùn gan-an ni ìgbà tí ẹsẹ̀ oníbàárà ti há. Ẹni tó wà lórí òkun ò lè bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù àtijọ́ pé òun ń lọ ò rọrùn fún láti padà. Wọ́n dúró kó há kí wọ́n tó sọ ìyókù ni.

Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ Òṣòdì tí gbogbo wa ń bú sàn ju èyí lọ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè ló ti ń pariwo iye owó, tó tún ń kìlọ̀ pé kò sí ṣéńjì. Tó bá yí i padà lójú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ ló máa dìde sí i.

Nínú Odù Ìkà Òfún, àwọn àgbà kan lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn á dàgbà dàgbà tó bí Olódùmarè ṣe sọ. Wọ́n fún wọn ní ìkìlọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi orúkọ nǹkan kan pe nǹkan mìíràn. Àpẹẹrẹ tí Ifá lò níbẹ̀, orúkọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn létí, ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló yà wọ́n. Mo ti gbọ́ tí àwọn awo ń ṣàlàyé rẹ̀ pé kí èèyàn má sọ ohun tí kò mọ̀. Èmi ń gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn: irọ́ tó léwu jù kì í jìnnà sí òótọ́. Ẹni tó pe ewúrẹ́ ní ẹṣin, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹni tó pe owó ilé ní owó tí wàá fi wọlé ló ń mú èèyàn. "Gbogbo" ni orúkọ ohun tó pé. Ẹni tó bá fi pe ohun tó kù díẹ̀ ti fi orúkọ nǹkan pe nǹkan mìíràn, ìbáà jẹ́ pé owó kọ̀ọ̀kan tó kọ sínú rẹ̀ tọ̀nà.

Awo ẹgbẹ́ mi kan fi ìtàn Àjàlá Alámọ̀ ta kò mí, ó sì yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ń bọ̀ wáyé, tí wọ́n fẹ́ yan orí, àwọn méjì àkọ́kọ́ ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi jẹ tán. Afùwàpẹ́ lọ bá àwọn awo bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè tó ń sá fún, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì yan orí tó dára fún un. Awo yìí ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tó ń rà ló yẹ kó wádìí."

Òótọ́ ni pé ó yẹ kó wádìí. Mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń wá ilé pé kó béèrè, "Èló ni mo máa san títí tí màá fi gba kọ́kọ́rọ́?" kó má béèrè èló ni ilé. Kó tún béèrè gbèsè iná tó wà lórí mítà, owó sìkiọ́ríìtì àdúgbò, àti owó tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń já ẹrù, nítorí pé "total package" táwọn ejẹ́ǹtì ń pè pàápàá kì í ka gbogbo ìyẹn. Àmọ́ kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà Àjàlá. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo orí inú ilé yìí ló pé. Àìbéèrè ló pa àwọn méjì yẹn lára, ẹnikẹ́ni ò tàn wọ́n. Ìtàn yẹn kọ́ ẹni tó ń rà lọ́gbọ́n, kò dá ẹni tó ń tà láre.

Ẹlòmíràn á ní gbogbo èèyàn Èkó ló mọ̀ pé 600,000 kì í ṣe 600,000. Ta ni gbogbo èèyàn? Ẹni tó ti jìyà ẹ̀ rí ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkìrun dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sìnrú-ìlú, kò mọ̀. Ẹ sì wò ó, tí gbogbo ayé bá mọ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ó ń fa ẹsẹ̀ wá ni. Onílé tó bá kọ 870,000 sórí pátákó tirẹ̀, tó sọ pé kò sí owó kankan mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, á dà bí ọ̀kánjúwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kọ 600,000. Olóòótọ́ ló ń jẹ gbèsè irọ́ yẹn.

Ibí yìí ló ti kan àwa babaláwo, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Àwọn ọmọ wa láti Amẹ́ríkà, Brazil àti Trinidad ń wá tẹ Ifá nílé. Ìpolówó ti pọ̀ lórí Facebook àti Instagram: ìtẹ̀fá, ilé gbígbé, oúnjẹ, ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, iye kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, ó wọ́n lójú ẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí tiẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Nígbà tó dé ibẹ̀, owó aṣọ yàtọ̀, owó àwọn awo tó wá jókòó yàtọ̀, owó ìyá Ifá yàtọ̀. Inú igbódù ni wọ́n ti ń sọ apá kan nínú ẹ̀ fún un. Ta ló máa dìde nínú igbódù kó ní òun ń lọ? Ọkọ̀ òkun ṣì ní èbúté tí yóò gúnlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa le ju tàwọn ọlọ́kọ̀ òkun lọ, mi ò sì ní fi bò. Kò sí babaláwo tó mọ Odù tó máa jáde fún ẹni tó ń tẹ̀. Odù yẹn lè ní kí ó rú àkùkọ kan, ó lè ní ewúrẹ́ méjì àti aṣọ funfun. Nítorí náà, babaláwo tó bá ní "gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀" ti ṣèlérí lórúkọ Ọ̀rúnmìlà fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àìmọ̀ àti ìbòmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ejẹ́ǹtì mọ̀ nípa 270,000 yòókù kó tó kọ pátákó. Ọlọ́kọ̀ òkun mọ owó ìmoore. Babaláwo mọ owó aṣọ àti owó àwọn awo. Ohun tí o mọ̀ nígbà tí o ń la ẹnu, tí o sì gbé pa mọ́, irọ́ ni lójú tèmi. Ohun tí o kò mọ̀, sọ ọ́ pé o kò mọ̀, kí ẹni náà lè pinnu kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Bí àwọn tó kọ́ mi ṣe ṣe é nìyí. Tí Ifá bá yan ẹbọ, a ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹran, ẹyẹ, epo, obì, oyin, owó, títí kan ẹ̀rù awo. Kò sí èyí tí a fi pa mọ́ di ọ̀la. Tí kò bá sí agbára, oníbàárà á ní, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ Ifá." A ó mú ibò, a ó bi í bóyá yóò gba díẹ̀. Ó máa ń gbà nígbà mìíràn. Ojú gbogbo wa ni ẹ̀bẹ̀ yẹn ti ń wáyé, kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun.

Awo tí mo dárúkọ lókè yẹn ò gbà síbẹ̀. Ó ní tí o bá ka gbogbo owó fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, á sá lọ, á sì kú sílé. Tí o bá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á rí i ṣe, ara á sì yá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn. Mo ní, tó bá jẹ́ pé owó ìdajì ni aláìsàn náà ní, ta ló yẹ kó pinnu ìdajì tó máa ṣe, òun tàbí ìwọ? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó da obì sẹ́nu, ó ní ká sọ ọ́ lọ́sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀.