Ìdákẹ́rọ́rọ́ Ha Ni Àlàáfíà Bí?

Lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú Ìkòròdú máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a gba orí Afárá Third Mainland tí a ṣí ní 1990 lọ sí Erékùṣù Èkó, wọn a sì padà lóru. Ilẹ̀ tí kò wọ́n àti ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ó gbé wọn débẹ̀. Ògiri gíga sì yí ilé wọn ká.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn. Bí ògiri kò bá wá jẹ́ kí a gbọ́ hẹ̀rẹ̀-huru náà ńkọ́? Ṣé ojúṣe ẹni ti tán nìyẹn? Rárá o. Ògiri lè dí etí, ṣùgbọ́n kò so ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀ lè sùn dáadáa. Àìgbọ́ ni ó ní, kì í ṣe àlàáfíà. Ọjọ́ tí àìsàn bá dé lóru ni yóò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.