Nọ́ọ̀sì Wa àti Àwọn Ará Erékùṣù

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Òṣòdì fẹ́ bá ètò Technical Aid Corps, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, lọ ṣiṣẹ́ ní Jamaica. Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) kan ní Ìsọlọ̀, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ní òun ò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ká mi lára tí mo fi gbé e síwájú yín.

ALÁGA: Ọmọ mi, jókòó. Nígbà tí wọ́n kà wá lọ́dún 2006, a lé ní 600,000 ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Gbogbo ará Seychelles, tí ìjọba wa ń kó dókítà àti olùkọ́ ránṣẹ́ sí nínú ètò yìí kan náà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn. Síbẹ̀ wọ́n ní ààrẹ, wọ́n ní mínísítà. Àwa ńkọ́? Tí ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò bá jó, àwa ará CDA la máa dáwó. Ta ló wá yẹ kí nọ́ọ̀sì wa kọ́kọ́ tọ́jú?

NỌ́Ọ̀SÌ: Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mélòó ló kù ní Nàìjíríà? Àwọn kan wà ní ìlú Ọba, àwọn kan wà ní Kánádà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ àtibọ̀. Ọdún méjì péré ni tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ṣe rí látìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1987, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì Jamaica náà ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tó ń ṣe wá ló ń ṣe wọ́n.

ALÁGA: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Abúlé kan wà ní Westmoreland, ní Jamaica, Abẹ́òkúta lorúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó kọjá òkun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé òde lẹ máa pe ibẹ̀?

ALÁGA: O mú mi níbẹ̀. Kí lo wá fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn? Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ lo kàn ń gún láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tó o bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ni iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń sọ ẹni tó gbà á di alágbe. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ iṣẹ́ tó o mọ̀, kí wọ́n má nílò rẹ mọ́: ìyẹn ni mò ń pè ní ìrànlọ́wọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbà. Tí n ò bá kọ́ ẹnikẹ́ni, mo kàn lọ jẹun lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwa nìkan la ní ohun tá a lè kọ́ wọn. Ẹ rántí Òkè-Àfá.

ALÁGA: Ta ló lè gbàgbé? Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù Kìíní, 2002. Àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pa mọ́ sí bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, gbogbo ìlú ń sá. Ilẹ̀ ti ṣú. Ewé ti bo ojú kánáàlì Òkè-Àfá, ó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ lójú àjèjì. Wọ́n ń já sínú omi, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Òkú ọjọ́ náà lé ní 1,000, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa àwọn tó kú sómi yẹn, Bàbá. Àwọn tó ń gbé létí kánáàlì mọ ibi tí ilẹ̀ pin sí. Ohun tí kò sí ni ètò: ẹni tí a ti yàn ṣáájú pé tí wàhálà bá dé, ibí ni kó dúró, kó dá èrò padà. Ní Jamaica, ìjì líle ń jà láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àjálù ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti yan àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn máa sá sí kí ìjì tó dé. Òkun ló yí wọn ká, kò síbi tí wọ́n lè sá gbà. Mo fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí n kó o wálé.

ALÁGA: Wàyí o, o sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá kó o dé, ta lo máa kó o fún? Àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ, n ò rí ọ̀kan ní ìpàdé CDA wa rí. Kí ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn: ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé, kó lo oṣù mẹ́fà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó máa kọ́ wọn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ta ni yóò san owó oṣù mẹ́fà yẹn?

ALÁGA: Ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 oṣù Keje, 2024 pé kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ṣùgbọ́n àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) Ìsọlọ̀ tiwa, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ la máa kọ lẹ́tà sí, a ò sì ní dúró dìgbà tó o bá dé ká tó kọ ọ́. Máa lọ, ọmọ mi. Gbogbo ohun tó o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀.