Ara Wa Ní Ẹ̀tọ́ Lórí Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn ní ẹ̀dá tó dára jù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ dídín ara kù ti gba àárín wa kan. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù kan ń febi pa ara rẹ̀ kí aṣọ lè gbà á. Òmíràn ń mu tíì tó ń mú un yàgbẹ́ láràárọ̀, ó rò pé ọ̀rá ló ń jáde, bẹ́ẹ̀ omi ara rẹ̀ ló ń ṣòfò. Ìbéèrè wọn ni pé: ètò oúnjẹ wo ló ń dín ara kù jù?

Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ènìyàn 160 sí ètò mẹ́rin, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2005. Àwọn tó tẹ̀lé ètò Atkins dín ìrẹsì, búrẹ́dì àti irú wọn kù. Àwọn ti Ornish fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹnu kan ọ̀rá. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi kílò 2 sí 3 ni ètò kọ̀ọ̀kan mú kúrò. Ènìyàn 93 péré ló dé òpin. Ẹni tó di ètò tirẹ̀ mú ṣinṣin ló dín ara kù jù, ètò yòówù kó jẹ́.

Ní ọdún 2018, Yunifásítì Stanford fi ènìyàn 609 ṣe irú rẹ̀. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 fúyẹ́, àwọn tó dín oúnjẹ bí ìrẹsì kù fi kílò 6.0 fúyẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan.

Ẹ̀yin ará, ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Ànábì wa ti kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amru ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń kírun mọ́jú, Ànábì kọ̀ fún un, ó ní ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó darúgbó, ó wù ú pé ìbá ti gba ìrọ̀rùn tí wọ́n fún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a rántí Súrà Al-A'ráfù, ẹsẹ 31, tó gbà wá láyè láti jẹ àti láti mu, tó sì kọ àṣejù. Kí a dín òkèlè wa kù díẹ̀, kí a jìnnà sí mínírà, kí a máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí. Bí a bá ń gbààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, kí àníyàn wa jẹ́ ti Ọlọ́hun, kí a má sì fi oúnjẹ ìṣínu san gbèsè ọ̀sán. Aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà àti aboyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọlàkejì rẹ̀ tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Súrà Al-Hujuráàtì, ẹsẹ 11, kọ̀ ọ́ fún wa.

Ara yìí, àmáná ni. A ó jíhìn rẹ̀ lọ́la. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti ìdúróṣinṣin. Àmín.